Ọjọ́ Tí Ímeèlì Ilé Iṣẹ́ Wa Ṣófo

Òórùn ike tó ń yọ́ kì í kúrò lára aṣọ. Bó o bá ti ṣiṣẹ́ rí nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó tò lọ láàárín Sángò sí Ọ̀tà, o mọ ohun tí mò ń wí. O lè fọ aṣọ yẹn, kó o sá a sóòrùn, kó o fi lọ́fínńdà sí i, bó o bá ti gbé e sún mọ́ imú báyìí, wàá ṣì gbọ́ òórùn náà. Ike ìpara là ń ṣe níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ike àti ìdérí rẹ̀, fún àwọn tó ń po ìpara ara. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo wà níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀, mò ń bá àwọn alábàárù jà pé kí wọ́n yé ju páálí bí ẹni ju àpò sìmẹ́ńtì, torí bí ìdérí bá sán, èmi ni wọ́n máa pè. Ọ̀kan nínú wọn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bóyá ilé bàbá mi ni wọ́n ń kó ẹrù náà lọ. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí màmá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yọ lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ há abíyá. Wọ́n ní ọ̀gá ń pè mí. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní gbogbo ímeèlì inú kọ̀ǹpútà ti lọ, pé ọ̀gá sì ní èmi ni mo pa á rẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ mi ṣe rí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò dé yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Joju, níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí mo lóyún ọmọ mi. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ló gbé mi dé ọ́fíìsì yìí. Àwọn oníbàárà wa kì í wá fúnra wọn. Ímeèlì ni wọ́n fi ń rán iṣẹ́, irú ike tí wọ́n fẹ́, àwọ̀ rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Èmi ni mò ń ṣí i láràárọ̀, tí mò ń kà á fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yẹn, bó bá ti gbóná tán tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ike inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á sì dì mọ́ ọn nínú. Torí náà, bí ímeèlì bá ṣófo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa dúró. Bẹ́ẹ̀ bàbá ọmọ mi ti ń jókòó sílé láti ìgbà tí wọ́n ti dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Agbára. Iṣẹ́ mi yìí nìkan ló kù tí ilé wa gbára lé.

Nígbà tí mo wọlé, ọ̀gá wà lórí ìdúró, àǹtí tó ń ṣe àkáǹtì sì jókòó sídìí tábìlì wọn. Àwọn méjèèjì ò wo ojú mi. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ibi tí orúkọ àwọn oníbàárà máa ń tò sí bí èèrà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá bi mí pé kí ni mo fọwọ́ kàn lánàá kí n tó lọ sílé. Mo kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: bí àgbà bá ń bínú, kúnlẹ̀ ná, àlàyé á tẹ̀ lé e. Nílé wa, bí mo bá pẹ́ kí n tó kúnlẹ̀, ìgbátí ìyá mi ló máa ń rán mi létí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú.” Mi ò tíì mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹnu mi ló sáré jù mí lọ.

Ọ̀gá kọjú sí àǹtí. “Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀,” wọ́n ní, “ó ti gbà.”

Mo fẹ́ sọ pé mi ò gba nǹkan kan. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe máa wà lórí ìkúnlẹ̀ tó máa tún ní òun ò jẹ̀bi? Bí mo bá sì dìde, àfojúdi ni wọ́n máa pè é. Ọ̀gá ní bí ímeèlì yẹn ò bá padà kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán tó wọlé, kí n kó ẹrù mi. Wọ́n ní kí àǹtí máa tẹ ìwé ìdádúró mi sílẹ̀ ná. Wọ́n bá bọ́ síta, wọ́n gba ìdí ẹ̀rọ lọ.

Àǹtí àkáǹtì kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ohùn wọn á ti há látinú àdúrà. Wọ́n di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, wọ́n fà mí dìde, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó gbọ́ ẹ̀sùn. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wá bi mí, “Ṣé ìwọ lo ṣe é ni?”

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ́jọ́ yẹn nìyí, ọ̀rẹ́ mi: mi ò lè sọ pé rárá. Ọkàn mi ti ń bá mi wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri. Mo ń rò ó pé bóyá nígbà tí mò ń sáré kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ má bàa fi mí sílẹ̀, ìka mi ti tẹ ohun tí kò yẹ. Bóyá mo tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” níbi tó yẹ kí n ti tẹ “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Kí n tó jókòó dáadáa, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ara mi níbi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò tẹ nǹkan kan.

Mo pe bùrọ̀dá tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Agbára ló wà, ó ń tún ti ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Ó ní kí n wo ibi tí ímeèlì tí wọ́n bá pa rẹ́ máa ń lọ. Mo ṣí i. Òun náà ṣófo. Omi lé ròrò sí mi lójú, mo sọ fún un pé ó ti tán, pé kò sí níbẹ̀ rárá.

“Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀,” ó ní. “Ibi tí wọ́n bá ti pa ẹran, a máa ń bá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò pa á. Ṣe ni wọ́n kó o lọ.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé òun lòun to ètò kan sí i nígbà tí kọ̀ǹpútà wa ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Ímeèlì tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ètò náà á fúnra rẹ̀ kó o lọ síbi tí wọ́n ń pè ní ákáìfù, ìyẹn yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ohun tó ti pẹ́ sí, kí iwájú lè fúyẹ́. Gbogbo ìgbà tá a bá ṣí ímeèlì ló sì máa ń ṣe é. Ó ní kí n wo ọwọ́ òsì, kí n wá orúkọ yẹn nísàlẹ̀ pátápátá, kí n tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí dìde, wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi. Mo tẹ ọfà náà, ó ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ti ọdún tó kọjá, ti oṣù tó kọjá, títí dé èyí tó wọlé lánàá. Àǹtí rọra sọ pé, “Jésù ṣeun.” Mo kó gbogbo rẹ̀, mo ń fà á padà síwájú, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Òórùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ti yí padà, ó ti ń korò. Ike inú ẹ̀rọ ti ń jó.

Ọ̀gá wọlé, òógùn bò wọ́n lójú. Wọ́n rí i pé ímeèlì ti padà. Wọn ò kí mi, wọn ò bú mi, wọ́n kàn ní kí n ka iṣẹ́ tó kàn. Bí mo ṣe la ẹnu ni iná ìjọba lọ. Kọ̀ǹpútà kú. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé ohùn sókè, a tún tan kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà yìí ní àrùn kan. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀, torí náà bí iná bá ti lọ, ó máa ń gbàgbé ọjọ́ tá a wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló máa fọwọ́ tẹ déètì sí i. Ó ti mọ́ wa lára bí ẹni ń ṣí fèrèsé láàárọ̀. Ọ̀gá ò dúró dè mí. Wọ́n na ọwọ́ kọjá èjìká mi, wọ́n tẹ déètì náà kíákíá, wọ́n ṣí ímeèlì. Gbogbo rẹ̀ tò sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Lójú wa báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí ìgbà tí ẹnì kan ń ká ẹní láti ìsàlẹ̀ sókè, títí ojú kọ̀ǹpútà fi tún funfun báláú. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi.

Ọ̀gá wo ọwọ́ mi. Àǹtí wo ọ̀gá.

Bùrọ̀dá ṣì wà lórí fóònù, ó ń bi wá pé kí ló dé. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá àwọn tó ti ju oṣù mẹ́fà nìkan ló lọ. Mo ní rárá, tàná náà bá a lọ. Ó ní kí n wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí n ka déètì tó wà níbẹ̀ fún òun. Mo ka ọjọ́, ó pé. Mo ka oṣù, ó pé. Nígbà tí mo dé orí ọdún, mo kọ́kọ́ wo ọ̀gá, nítorí mo mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. “Ọdún tó ń bọ̀ ni,” mo ní.

Ẹ̀rín pa á. “Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ ti wọ ọdún tuntun, ẹ ò sì pe èèyàn. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, gbogbo ímeèlì yín ló ti gbó.”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí wọ́n ń da ike sí kó lè mú ìrísí, wọ́n ń pààrọ̀ ọdún tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìdí ike, ọdún tí ìpara inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kọ, òun ni wọ́n ń kà, òun ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn. Iná ti lọ lóru, ọ̀gá ló sì kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì láàárọ̀, tí wọ́n tẹ déètì. Kì í ṣe ìkà. Ọwọ́ wọn ló tẹ ohun tó ti mọ́ ọn lára.

A tún ọdún náà ṣe, bùrọ̀dá kọ́ mi bí mo ṣe máa dá ètò náà dúró kó má fúnra rẹ̀ kó nǹkan mọ́, mo sì tún fa gbogbo rẹ̀ padà. Mo ka iṣẹ́ tó kàn, ìdérí aláwọ̀ ewé, ẹlẹ́nu kékeré. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọ̀gá sọ fún àǹtí pé kí wọ́n fi ìwé yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní kí èmi padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bínú, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ ara mi ni mo bínú sí jù. Wọ́n ti kọ́ mi ní ìwà ọmọlúwàbí, ó sì dára, mi ò ní pa á tì láé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, eékún mi ló jẹ́rìí takò mí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí mo délé ní Joju, ọmọ mi ń bá àwọn ọmọ alájọgbé wa ṣeré ní kọ́ríídọ̀, ìbọ̀sẹ̀ iléèwé ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ohùn mi le nígbà tí mo pè é. Oúnjẹ ni mo fẹ́ fún un. Ó sáré wọlé, ó wo ojú mi, ó bá kúnlẹ̀ gbì, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ronú títí. “Mi ò mọ̀,” ó ní.

Mo gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé e dìde, mo gbọn eruku orí eékún rẹ̀ dànù, èmi alára wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, “Bó o bá fẹ́ kí mi, kúnlẹ̀. Bó o bá ṣẹ̀ mí, tó o sì mọ̀ pé o ṣẹ̀ mí, kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, màá gbọ́. Àmọ́ bí o ò bá tíì mọ ohun tí wọ́n ní o ṣe, dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ, kó o rọra bi wọ́n pé kí ni. Kódà bó jẹ́ pé èmi ni mò ń bínú.”