Ajá Tí Kì Í Gbó, ní Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Mójì

Ọjọ́ tí mo gbé ajá tó mọ gbígbó jù lọ fún obìnrin tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò tíì mọ iṣẹ́ mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ọsibítù ẹranko ti ìjọba ní Abẹ́òkúta ni mo ti ṣiṣẹ́, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n di ẹran mú fún abẹ́rẹ́, kí n sì kọ orúkọ olówó wọn sí káàdì. Ọmọ oníṣòwò ni mí ní Ìgbẹ̀ìn, ọmọ Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni nílé wa tó rò pé nídìí ajá ni n ó ti máa jẹun. Bí mo bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ìyá mi á ti gbé omi sí ẹnu ọ̀nà dè mí. "Sàfúrátù, ọwọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀meje o! Má fi kan abọ́ mi o!" Àwọn àbúrò mi á sì máa gbó bí ajá láti inú yàrá. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá mi, Bàbá Ṣódípọ̀, ni n kò fi sá lọ.

Bàbá Ṣódípọ̀ ló dàgbà jù nínú wa, ayé òyìnbó ló ti ń tọ́jú ẹran bọ̀. Àwọn tí ajá wọn bímọ tí wọn kò ráyè tọ́ máa ń kó ọmọ ajá wá sọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń wá ajá náà á sì wá. Àmọ́ Bàbá kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ajá. Ilé ló máa ń bi èèyàn. Aago mélòó lo ń jáde? Ta ló ń ṣẹ́ kù sílé? Yàrá mélòó lo ní? Akọ̀wé kan wá lọ́jọ́ kan, ajá òyìnbó ràbàtà ló ní òun fẹ́. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Yàrá kan lo ní, ajá yìí nìkan á sì gbà á tán. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ó máa lọ sùn sí ọ́fíìsì ni?" Tíṣà kan tó ń dá gbé fẹ́ ọmọ ajá jòjòló, Bàbá gbé ajá kékeré kan tó ti pé ọdún mẹ́ta fún un. Ó ní ẹni tó ń jáde láago méje kò ráyè ọmọ ọwọ́.

Gbogbo èyí ni mo ń gbọ́ lójoojúmọ́, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá lọ sìnkú ní abúlé, Àǹtí Mójì wọlé wá. Aránṣọ ni ní Láfẹ́nwá, kò jìnnà sí gáréèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí àìsàn kan mú etí rẹ̀ lọ, nítorí náà ó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ó kàn máa ń pariwo ni. Bí ẹ bá rọra sọ̀rọ̀, á máa wo ẹnu yín, á sì mọ ohun tí ẹ ń wí. Èyí tí kò bá yé e, á na ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ sí yín pé kí ẹ kọ ọ́.

Ó ní òun kì í mọ̀ bí èèyàn bá wọlé. Oníbàárà á kí òun títí, á rò pé ìgbéraga ni, á bínú lọ. Olè kan tiẹ̀ gba ẹ̀yìn òun wọlé ní ọ̀sán gangan, ó gbé odindi léèsì oníléèsì lọ. Èyí ló mú kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bùọ̀dá Délé, sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí oṣù bá ti parí, òun á gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá wọn.

"Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fi ń jẹ́ èèyàn," ó wí. "Bí mo bá padà sílé, wọ́n á kàn máa gbé oúnjẹ síwájú mi ni. Ẹ bá mi wá ajá kékeré kan. Ṣọ́ọ̀bù mi kò fẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lọ mú Bọ́ńbù wá, ajá kékeré kan báyìí tó jẹ́ pé bí ewé bá já bọ́ nígi, á gbó o. Inú mi dùn, mo ní Bàbá á dé bá iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Àǹtí Mójì fà á padà wá. Àwọn ará ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà kò rójú sùn mọ́. Oníbàárà ń bẹ̀rù àtiwọlé. "Èmi fúnra mi," ó wí, "mo kàn ń rí i tó ń la ẹnu ni. Mo rò pé ebi ń pa á."

Ẹ mọ̀ mí, inú mi kì í pẹ́ ru. Dípò kí n bẹ̀bẹ̀, mo fara ya. "Kí wá lẹ fẹ́ kí ajá ṣe, Àǹtí? Kó máa kọ lẹ́tà sí yín ni?"

Ó ti wo ẹnu mi, ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Bó bá lè kọ ọ́, màá kà á."

Bàbá Ṣódípọ̀, tó ti dé, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Èmi ni n kò mọ ibi tí n ó fi ojú sí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Àǹtí Mójì, ó sì fà mí dìde.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń wò. Àǹtí Mójì ti yí máṣíìnì rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà rí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni aránṣọ ń wò, kì í ṣe ọ̀nà. Bí a ṣe ń padà, Bàbá bi mí pé, "Sàfú, ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí?"

"Ojú rẹ̀ ni, sà. Tàbí kí èèyàn fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa. Ta ló ń fara kan èèyàn lọ́dọ̀ wa, tí ìwọ ń fi ìgbálẹ̀ lé kiri?"

Mo figbe ta. Jẹ́jẹ́ ni! Abo ajá pupa kékeré kan ni, ẹnì kan gbé e wá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò sì padà wá mú un mọ́. Kì í gbó, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ ẹ. Àmọ́ bí èèyàn bá ti ń wọlé, á dìde, á fi imú tútù rẹ̀ kan ojúgun ẹni tó wà níjòókòó, á wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo kórìíra àṣà yẹn. Kí n ti ṣe àlùwàlá tán, kí n máa lọ kírun ọ̀sán, á ti fi imú kàn mí! Mo tún di ìdí omi nìyẹn. Wàláhì, mo ti gbá ajá yẹn ní ìgbálẹ̀ nítorí ohun tí ẹlòmíì ń fi ojú wá.

Láti ọjọ́ tí a gbé e lọ fún Àǹtí Mójì, Láfẹ́nwá ni mò ń gbà lọ sílé. Màá wọlé, màá jáde, màá tún wọlé, kí iṣẹ́ náà lè mọ́ ajá yẹn lára. Nígbàkígbà tí Jẹ́jẹ́ bá fi imú kan Àǹtí Mójì lẹ́sẹ̀, á fún un ní pọ̀nmọ́ bíńtín. Ìyá mi ní kí n kúkú kó ẹrù mi lọ síbẹ̀.

Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì báyìí. Ajá tí mo bá àwọn èèyàn yàn kò lóǹkà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi mí sọ́dọ̀ Bàbá Ṣódípọ̀, tí kò lé mi nígbà tó yẹ kó lé mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ń dúpẹ́ fún jù ni ọjọ́ tí oṣù yẹn parí.

Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọ káàdì abẹ́rẹ́ digbòlugi Jẹ́jẹ́, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níta. Bùọ̀dá Délé sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Àǹtí Mójì dorí kodò, ó ń gán ọrùn aṣọ kan. Jẹ́jẹ́ dìde, ó fi imú kàn án.

"Bùọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀," Àǹtí Mójì wí, ojú rẹ̀ sì ti wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bùọ̀dá Délé jáde, ó dúró pẹ́, ó bọ́ bàtà, ó wá yọ́ wọlé.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀."

Ó tún jáde lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó wọlé, tí àbúrò rẹ̀ tún gbójú sókè tó rẹ́rìn-ín sí i, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí fún un," ó wí fún mi. "Láti ọjọ́ tí etí rẹ̀ ti lọ, ẹ̀rù ló ń bà mí."

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè rí ẹnu rẹ̀. "Mójì, wọ̀n mí. Bùbá àti ṣòkòtò ni mo fẹ́."

Àǹtí Mójì mú téèpù, ó nà á sí èjìká rẹ̀. "Ẹ dúró dáadáa, Bùọ̀dá," ó kígbe, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Bùọ̀dá Délé dúró gbọnin, apá rẹ̀ wà ní nínà, ó sì ní kí n bá òun sọ fún awakọ̀ pé kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.