Ọ̀rá Omi Mẹ́fà Tí Mo Fún Àbúrò Mi

Ogójì ọdún ni mo fi tún radíétọ̀ ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò Boukoki, nílùú Niamey, nítorí náà mi ò rò pé dókítà kankan lè kọ́ mi nípa ohun tó gbóná tó sì gbẹ. Mo ti fi itọ́ ẹnu mi nìkan dí ihò radíétọ̀ ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà Agadez. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, ọṣẹ ni mo fi dí i. Ó máa ń pín ọ̀rọ̀ mi sí mẹ́rin kó tó gba ìdá kan gbọ́.

Nígbà tí ibà dá àbúrò mi wólẹ̀, tí kò tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn ti le jù, tí wọ́n ń pè ní réa. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ní ife omi kékeré kan péré ni kó máa mu lójúmọ́. Nínú ooru Niamey! Àlejò lásán tó bá yà nílé wa, omi la fi ń kí i. Ẹ̀gbọ́n wo ló máa jókòó ti àbúrò tí ètè rẹ̀ ti bó? Mo kó ọ̀rá omi sábẹ́ agbádá.

"Mu ún, jàre. Ẹ́ńjìnnì tó gbẹ, omi ni wọ́n ń bù sí i."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu, ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Baba, o fún un lómi?"

Ó ń pè mí ní "o" bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bínú.

"Díẹ̀ ni, kí kíndìnrín rẹ̀ lè tutù."

"Kíndìnrín kì í ṣe radíétọ̀! Asẹ́ kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń dá èyí tó dára padà, ó ń da ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù sínú ìtọ̀. Tiẹ̀ ti dákẹ́. Omi rẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀!"

Dókítà fẹ́ mọ iye omi tí mo fún un gan-an. Bí ẹ̀rọ bá fa omi kéré jù, àbúrò mi á rì lórí ibùsùn. Bó bá fa púpọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dákẹ́.

"Ọ̀rá mẹ́fà," ni mo wí.

Ìyàwó mi tó tẹ̀lé mi wá pòṣé. "Dókítà, ẹ pín in sí mẹ́rin. Ọ̀kan àtààbọ̀ ni."

Dókítà sì kọ ọ̀kan àtààbọ̀ sílẹ̀!

"Mẹ́fà ni! Mo fi orí ìyá mi búra."

"Orí ìyá yín yẹn náà lẹ fi búra fún mi lórí ọ̀rọ̀ itọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú nọ́ọ̀sì, èmi àgbàlagbà, pé kí wọ́n wọn àbúrò mi wò. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì gbé e dúró lórí òṣùwọ̀n: kílò mẹ́ta ló fi wúwo ju ti àná lọ. Ìdajì lítà sì ni ọ̀rá kan. Dókítà wò mí, ó pa èyí tó kọ rẹ́, ó tún ẹ̀rọ náà tò.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó la ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo fi òwú tútù tí nọ́ọ̀sì fún mi nu ètè rẹ̀.

"Omi ti tán ní Niamey."

"Odò ńkọ́?"

"Ó gbẹ láàárọ̀ yìí. Ràkúnmí ló ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó wò mí títí. Bóyá ó gbà mí gbọ́, bóyá ó ṣàánú mi, ó sáà di ojú rẹ̀, kò sì tún béèrè mọ́.