Kọ̀ǹpútà Tí Bàdírù Ń Pa Lálaalẹ́

Bí ẹ bá dé Niger Street, tí ẹ béèrè Bàdírù Sàláwù, kò sẹ́ni tí kò ní nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi maṣíìnì kọ iṣẹ́ ọnà sí ọrùn àti àyà bàbáńrígá, àwọn ọ̀gá ńláńlá a sì máa fi mọ́tò wá láti Nassarawa GRA nítorí ọwọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kano. Òun ní tirẹ̀, Sabon Gari ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ló ti sin ìyàwó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lóríkunkun pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí oríkunkun wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Fàtíyà lorúkọ rẹ̀. Fàtíyà bá ọkọ lọ sí Leeds, nílùú òyìnbó, ibẹ̀ ló sì ti bí Hanan. Bàdírù kò gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí rí. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ti ń rí i.

Fàtíyà ló ra kọ̀ǹpútà náà kó tó rìnrìn àjò. Ó gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀, ó fi kámẹ́rà kékeré kọ́ ọ lórí, ó fi ibi tí yóò máa tẹ̀ han bàbá rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Bàdírù á wẹ̀, á dé fìlà, á fi lọ́fínńdà díẹ̀ sára bí ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó, á wá jókòó síwájú ẹ̀rọ. Hanan á sì yọ. Ojú Bàdírù ni ọmọ náà ṣe hu eyín, ojú rẹ̀ náà ló ṣe gbẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tẹlifóònù ọwọ́ bàbá yìí kò ju èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí lọ, ohùn nìkan ló ń gbé, Hanan kì í sì í dá ohùn lásán lóhùn. Ojú ló fẹ́ rí. Àwọn àgbà náà ṣáà ti sọ ọ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó wá di Sunday kan, kọ̀ǹpútà yarí. Bàdírù tẹ ibi tó máa ń tẹ̀, ìkọ̀wé kan sì jáde pé ohun tó fi ń pe èèyàn ti gbó jù, kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́ àfi bí ọ́púdéètì bá kọ́kọ́ wọlé, ìyẹn àwọn àtúnṣe tuntun tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Bàdírù tún un tẹ̀. Ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi Hausa bú u pé kò nítìjú. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Hausa.

Sunday kejì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta náà lọ. Ó wá pe Fàtíyà lórí tẹlifóònù.

"Haba, Baba!" ni Fàtíyà wí. "Mo ti set ẹ̀ kó máa ṣe é fúnra ẹ̀. Lóru, nígbà tí night data bá ti wọlé, torí pé ìyẹn ló cheap. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kò ṣe é," ni Bàdírù wí. "Hanan ńkọ́?"

"Ó wà, ó ń ṣeré."

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Sunday àkọ́kọ́, ó béèrè yín. Ó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n now kuma... Baba, ọmọdé ni."

Bàdírù mọ̀ pé ọmọdé a máa gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ: bí Sunday bá ń gorí Sunday báyìí, lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá padà ṣiṣẹ́, Hanan á wo ojú òun bí ojú àlejò. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọmọ náà débi pé iṣẹ́ sú u. Ó kọ iṣẹ́ sí àyà bàbáńrígá Alhaji kan, ọ̀tún rìn lọ ju òsì lọ, ó sì ní láti tú gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò kan fi fóònù ńlá lọ̀ ọ́ kó fi pe ọmọ rẹ̀, ó kọ̀. Fóònù ẹlòmíràn, lójú ọ̀nà, kí gbogbo Niger Street máa wo àgbàlagbà tó ń ya ẹnu, tó ń fọwọ́ bojú, tó ń ké bí ológbò nítorí kí ọmọ lè rẹ́rìn-ín? Òun Bàdírù kẹ̀? Mo kúkú ti sọ ti oríkunkun fún yín.

Ròdíyátù ló sá tọ̀ lọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó ní ibi tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní France Road. Obìnrin náà tẹ̀ lé e wá sílé, ó jókòó, ó wo ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn.

"Bàbá Fàtíyà, wọ́n set ẹ̀ fún two o'clock òru lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n kò ṣe é rí, not even once. Àbí ẹ máa ń pa á tí ẹ bá fẹ́ sùn?"

"Kí n pa á nìkan kẹ̀? Mo ń fà á yọ kúrò lára ògiri ni. Kọ̀ǹpútà, fáànù, tẹlifísọ̀n, gbogbo wọn."

Ròdíyátù bú sẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì nígbà tó rí ojú bàbá. Òun náà mọ bí iná Sabon Gari ṣe rí. Bí wọ́n bá mú un lọ, tí wọ́n bá fi tipátipá dá a padà lóru, nǹkan tó bá wà lára ògiri lè jóná. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń yọ wáyà kí wọ́n tó sùn. Ṣùgbọ́n ti Bàdírù ní ìdí mìíràn. Nígbà tí Fàtíyà kò tíì ju ọmọ iléèwé jẹ́léósinmi lọ, iná dé lọ́nà bẹ́ẹ̀, tẹlifísọ̀n bú, kọ́tìnnì gbiná, Bàdírù sì la èéfín kọjá lọ gbé ọmọ náà jáde lórí ẹní. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, kò sùn rí láìyí gbogbo ilé ká.

Ó pe Fàtíyà níbẹ̀ náà, ó ṣàlàyé fún un.

"Ah! Baba, ẹ ṣì ń yọ wáyà? Wallahi, mo ti gbàgbé."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àrífín. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá rẹ̀ lára. Nítorí Fàtíyà ni wọ́n ṣe ń yọ wáyà nínú ilé yìí, òun fúnra rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ káàkiri láti kà wọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Bí ọdún mélòó kan bá lè mú un gbàgbé, kí ni Hanan fẹ́ fi rántí òun, Hanan tí kò tẹ ilẹ̀ pálọ̀ yìí rí? Bàdírù yí ojú sí ògiri. Ó dùn ún, kò sì mọ ẹni tí ì bá bínú sí.

"Ẹ jẹ́ kó wà lára iná lóru òní nìkan," ni Ròdíyátù wí.

"Rárá o. N kò ní sun ilé mi nítorí ọ́púdéètì."

"To, ó dáa. Ẹ jẹ́ ká yí wákàtí ẹ̀, nígbà náà. Ọ̀sán Sunday, tí ojú yín bá wà lára ẹ̀. Owó data á pọ̀ díẹ̀ o. Á máa ṣe é fúnra ẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, iná ò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀. Tó bá kú láàárín, ó lè bàjẹ́ pátápátá."

Ní Sunday yẹn, Bàdírù kirun Àílà tán, ó gbé àga síwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà kan ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, ó ń lọ sí ọgọ́rùn-ún. Bàdírù ń wò ó, ọkàn rẹ̀ wà ní Leeds. Ó ń rò ó bóyá irun Hanan ti gùn, bóyá ẹ̀rín rẹ̀ ṣì máa ń kọ́kọ́ ti imú wá. Ṣé ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ta ló ń sọ ọ́ fún?

Iná lọ.

Fáànù dúró. Bátìrì kékeré tí Fàtíyà fi sábẹ́ tábìlì nítorí irú ọjọ́ báyìí gba kọ̀ǹpútà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pín-pín, pín-pín. Bàdírù mọ̀ pé kì í pẹ́ kú. Ó sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀. Kò dáhùn. Ó tún fà á. Ó tún fà á. Gbogbo Niger Street wá ń wo bàbá jẹ́jẹ́ tó ń fa okùn, tó ń bẹ Ọlọ́run, tó sì ń bú jẹnẹrétọ̀ nínú èémí kan náà. Ojú kò tì í rárá. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wá bú ramúramù, Bàdírù sáré wọlé. Kọ̀ǹpútà ṣì wà láàyè. Nígbà tí nọ́ńbà náà pé ọgọ́rùn-ún, ó pa ara rẹ̀, ó la ojú, ó tún pa ara rẹ̀, ó sì wá là á pátápátá.

Bàdírù kò wẹ̀, kò dé fìlà. Ó tẹ ibi tó máa ń tẹ̀.

Fàtíyà yọ. "Baba! Ó ṣiṣẹ́!" Ó yíjú sẹ́yìn, ó pe ọmọ rẹ̀. Hanan dé, ó ti ga, wọ́n ti di irun rẹ̀. Ó wo inú ẹ̀rọ, ó bọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ náà yọ ojú kan, ó wò ó pẹ́, Bàdírù sì rò pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ti dé.

Hanan bá jáde. Ó rìn wá títí ojú rẹ̀ fi kún inú ẹ̀rọ, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Gbé mi," ló wí.

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Fàtíyà tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn nígbà èwe, kò sọ fún un rí pé òun ń kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá.

Bàdírù ti na ọwọ́ kó tó mọ̀. Ìka rẹ̀ kan gíláàsì, ó gbóná. Hanan ṣì nawọ́ sókè, ó ń dúró dè é, ojú rẹ̀ sì ti ń dà bí ojú ẹni tó fẹ́ sunkún.

"Bàbá, gbé mi."

"Fàtíyà," ni Bàdírù wí, "jọ̀ọ́, bá mi gbé e."

Fàtíyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ náà.