Ihò Tí A Kò Dí

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Ojú Ọrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì bá yẹ̀pẹ̀ pupa tí ọkọ̀ tipa ṣẹ̀ṣẹ̀ dà síwájú ilé aládùúgbò mi tó ń kọ́lé. Òórùn tó gba ojú fèrèsé wọlé mú kí n gbé ife tíì mi kalẹ̀. Òórùn amọ̀ ni. Òórùn ọwọ́ ìyá bàbá mi ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tó ń mọ ìkòkò ní abúlé wa lẹ́yìn Àtàn-Ọ̀tà.

Èmi àti Síkírátù, ọmọ àbúrò bàbá mi, la máa ń bá a wa amọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dá yẹ̀pẹ̀ òkè padà sínú ihò kó tó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù. Títí koríko yóò fi bo ojú ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́ ibẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa wá, a fi ihò sílẹ̀ gbayawu, a sáré lọ jẹ ẹ̀wà. Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló lọ jìn sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ìyá Àgbà kò nà wá. Ó dá wa padà síbẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wá. “Ilẹ̀ fún yín lámọ̀, ẹ wá fi í sílẹ̀ níhòòhò?” Bí a ti ń dí ihò náà là ń sunkún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pa ewúrẹ́ náà. Ẹ má bi mí bóyá mo jẹ nínú rẹ̀. Mo jẹ.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la sin ín sí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn oníyẹ̀pẹ̀ wá bá ẹbí wa nítorí ilẹ̀ wa tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ra ilẹ̀ o, yẹ̀pẹ̀ nìkan ni. “Yẹ̀pẹ̀ la tà, a ò ta ilẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi Mùfútáù ń sọ kiri. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn: ẹni tó bá gbẹ́ ẹ, yóò dí i. Kò sẹ́ni tó ronú pé ó yẹ ká kọ ìyẹn sínú ìwé. Èmi náà fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn òjò yẹn, èmi àti Síkírátù lọ wò ó. Ọ̀gbun ńlá ni a bá, omi pupa dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti dé ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Ìyá Àgbà. Mo bẹ ọ̀gá àwọn oníyẹ̀pẹ̀ náà, ọmọkùnrin kan, pé kí wọ́n dí i díẹ̀ kí òjò tó le. Ọmọkùnrin náà kò rí mi fín.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ka ìwé tí ẹ sáìnì. Kò sí níbẹ̀ pé a máa dí i.”

Òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí òjò ìyókù ṣì ń bọ̀, kò sì síbi tí mo fẹ́ gbé e gbà.

Síkírátù, tí orúnkún ń dùn, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bu yẹ̀pẹ̀ lára òkìtì tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ìborùn rẹ̀, ó dà á sínú ọ̀gbun. Èmi náà bu tèmi. Kò sí ẹni tó ń mọ ìkòkò ní abúlé wa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò tíì gbàgbé òfin náà. A ń dà á lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro wá.

Nígbà tí a ń lọ, Síkírátù bi mí bóyá yẹ̀pẹ̀ tí a dà síbẹ̀ tó agbọ̀n kan. Mo ní ó tó. Kò tó.