Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Àgbà Fi Iṣu Ìkórè Sílẹ̀

Òórùn erùpẹ̀ ara iṣu tuntun ló gba inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà lọ́jọ́ ìkórè yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní Ìkàrẹ́ ni, èmi ni wọ́n sì ní kó ka Bíbélì. Háà, ohùn mi dùn, èmi náà mọ̀! Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kà á níwájú dígí. Ibi tí Jésù ti sọ pé bí èèyàn bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tó sì rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́, ni wọ́n yàn fún mi. Mo kà á débi pé àwọn ìyá ń mi orí. Mo jókòó, mo wá ń wò ó bóyá àwọn ọmọge inú ẹgbẹ́ akọrin rí mi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú. Ìyá mi àgbà, tó tọ́ mi dàgbà, tí kò mọ ìwé kankan, gbé iṣu tirẹ̀ dé iwájú pẹpẹ, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò dúró gba àdúrà. Ó wo iṣu náà títí, ó yí padà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Pásítọ̀ na ọwọ́ àdúrà, kò rí orí tí yóò gbé e lé. Ojú tì mí, mo sáré tẹ̀ lé e.

"Màmá, kí ló dé? Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ìkun ni mò ń lọ."

"Lónìí? Ìkórè ńkọ́?"

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ṣebí ìwọ lo kà á. Àbí ìwọ ò gbọ́ ni?"

Mo bá a pe ọ̀kadà, a jọ gùn ún.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà ní Ìkun. Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí ìyá mi àgbà ti pè é ní olè níbi òkú ìyá wọn, lójú àna, lójú ará, nítorí aṣọ òfì olóògbé tó di àwátì. Ẹyin lohùn. Orí ọ̀kadà ló ti wá jẹ́wọ́ fún mi pé kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí òun fi rí aṣọ ọ̀hún nísàlẹ̀ àpótí ara òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbà wo ni yóò lọ máa bẹ àbúrò?

A bá àbúrò náà lójúde, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Bó ṣe rí wa, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá lé wa ńkọ́? Ìyá mi àgbà ò kí i. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ ìkórè lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n níwájú àbúrò.

"Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni aṣọ wà. Dárí jì mí."

Àbúrò figbe ta, àwo ẹ̀gúsí dànù. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?"

Kò dìde. Àbúrò náà bá wólẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn láàárín ẹ̀gúsí, wọ́n ń sunkún. Mo dúró bí ẹni tí kò ka Bíbélì rí láyé.

Ìsìn ti parí kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó padà dé Ọ̀kà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan iṣu náà. Àwọn méjèèjì jọ gbé e fún Pásítọ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé báyìí, wọ́n sì ń bára wọn jà lójoojúmọ́ nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń ní kí n ka Bíbélì. Ẹ̀rù a sì máa bà mí kí n tó lanu, torí ẹnì kan lè gbọ́.