Ìkòkò Efinrin Ẹ̀yìn Ilé Adìẹ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwa ọmọ Ọ̀bà-Ilé ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé nítorí pé owó ọkọ̀ ti di ohun tí àwọn òbí ń rò lẹ́ẹ̀mejì, adìẹ ni ìyá mi fẹ́ fi gbé ilé wa ró. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka èyí lè máa rẹ́rìn-ín pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú mi rí nígbà náà ti sọ mí di àgbà nínú ọ̀rọ̀ adìẹ, inú mi kò sì tíì rọ̀ sí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ní Àkúrẹ́. Àràárọ̀ ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n owó oṣù kì í wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi kó òròmọdìẹ wálé, tó ní òun yóò tọ́ wọn títí wọn yóò fi máa yé ẹyin, gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe eré. Bí wọ́n bá yé, a ó jẹun, a ó sì máa bá ilé-ìwé lọ. Bí wọ́n bá kú ńkọ́? Mi ò fẹ́ ronú débẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi máa ń lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mí. Mo lè máa jẹun lọ́wọ́ kí n máa bẹ̀rù oúnjẹ ọ̀la.

Oògùn apakòkòrò inú ìgò la kọ́kọ́ fi ń fọ ilé wọn. Ó máa ń sọ omi di funfun bíi wàrà, òórùn rẹ̀ a sì máa ta ènìyàn nímú. Nígbà tó yá, oògùn náà wọ́n débi pé ìyá mi lọ sí ọjà Àkúrẹ́, oúnjẹ adìẹ nìkan ló sì rí rà bọ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi lásán fọ ilé adìẹ nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn adìẹ náà fi ń yàgbẹ́ funfun, tí wọ́n ń sọ apá sílẹ̀, tí wọ́n ń tòògbé lọ́sàn-án gangan. Òkú la wá ń kó ní òwúrọ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa láti Oǹdó. Adìẹ ìbílẹ̀ ni ó ń sìn níbẹ̀, ewé ló sì fi ń tọ́jú ilé wọn. Ó di efinrin àti ewé dongoyárò bíi ẹrù igi, ó gbé e wọ ọkọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó gbé ìkòkò ńlá kaná lẹ́yìn ilé adìẹ. Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró, ó wo ìkòkò, ó wo adìẹ.

“Màmá, ṣé ibà ló ń ṣe wọ́n ni, tí ẹ fi ń se àgbo fún wọn?”

“Ibà kọ́,” ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dáhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. “Owó oṣù tí ọ̀gá wọn kò gbà ló ń ṣe wọ́n.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ewé náà ṣiṣẹ́. A jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù, a sẹ́ ẹ, a fi fọ ilẹ̀, a fi fọ abọ́ tí wọ́n fi ń mumi àti èyí tí wọ́n fi ń jẹun. Òkú dín kù, nígbà tó yá, a ò rí òkú mọ́. Ayọ̀ tó dé bá mi pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ lọ. Mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn kí n kàn máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa oúnjẹ jẹ, bí ẹni pé ariwo ẹnu wọn ń sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń lo àgbo nílé. A kì í da ìkòkò nù. Bí a bá bu àgbo títí tó fi kù díẹ̀, a ó tún bomi lé ewé àná, a ó gbé e kaná, a ó sì máa mu ún lọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ṣe ìkòkò ilé adìẹ náà nìyẹn. Omi la ń bù lé ewé kan náà. Nígbà tí igi ìdáná sì di ọ̀wọ́n, a ò gbé e kaná mọ́, a kàn ń da omi sí i. Kò sí ẹni tó rò ó pé ó lè léwu. Ta ni yóò rò ó, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń se àgbo fún gbogbo wa nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa?

Àwọn adìẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó bí mi nínú jù kì í ṣe ikú wọn, àwọn àgbà ni. Bàbá mi ní ewé kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn láé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Nígbà tí wọn kò kú, ta ló ṣe é? Ẹ̀yin àti fáìlì yín ni?” Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn ní àràárọ̀, ewé tàbí oògùn, oògùn tàbí ewé, tí adìẹ ń kú lẹ́yìn wọn. Mo fẹ́ pariwo. Mi ò lè pariwo. Mo kàn ń gbé inú mi gbígbóná lọ sí ilé-ìwé, mo sì ń gbé e padà wálé.

Ìyá mi ló ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò náà ní ọjọ́ kan láti bu omi. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, ó ń yọ̀ bíi pé ó ti ọwọ́ bọ ilá. Ó gbé ọwọ́ símú, ó gbé e kúrò kíákíá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, omi yìí ti kan. Ìdọ̀tí la fi ń fọ ìdọ̀tí.”

“Àgbo tó bá pẹ́ ló ń ṣiṣẹ́.”

“Fún ènìyàn bóyá. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbóòórùn rẹ̀. Ìyá mi da gbogbo rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀, ó ní wọn kì í da àgbo àgbàlagbà nù lójú rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ìyá mi dojú ìkòkò òfìfo náà délẹ̀, ó jókòó lé e. Mo mọ̀ pé ó ń rò ó pé òun lè pàdánù adìẹ àti ẹ̀gbọ́n òun pọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ní ọ̀nà tirẹ̀. A ó kọ́kọ́ ha ìgbẹ́ àti ẹ̀rún pákó tí a tẹ́ fún wọn, tó ti tutù, kúrò nílẹ̀, a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà la ó tó da omi ewé tí a sè ní ọjọ́ náà sí i. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, a ó dà á nù. Èmi ni mo ń já efinrin kí n tó lọ sí ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì máa yínmú sí mi nítorí òórùn rẹ̀ lára mi: “Ọlọ́bẹ̀ ti dé, ẹran ńkọ́?” Ó dùn mí púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò dẹ́kun.

Àwọn tó ṣẹ́ kù yè. Wọn kò pọ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n yé. Ìyá mi kó ẹyin àkọ́kọ́ sínú abọ́, ó fi rán awakọ̀ kan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oǹdó. Ẹ̀rù bà wá pé kò ní gbà á. Nígbà tí awakọ̀ náà padà dé, abọ́ náà kún fún efinrin tí omi ṣì wà lára rẹ̀.

“Màmá ní kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ pamọ́ o,” ni awakọ̀ náà wí. “Wọ́n ní òní ni kí ẹ lò ó.”

Ìyá mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń nu ojú.

Ayé ti yí. Ẹ̀yìn ilé tí a ti ń já efinrin ti di sìmẹ́ǹtì, ìgò oògùn oríṣiríṣi sì kún àwọn ṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ fún ẹni tó bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi náà ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìn yàrá tí mo háyà, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ kò tíì jáde. Bí mo bá wà láàárín àwọn tó ń sin adìẹ, ìjà ilé wa náà ni wọ́n ṣì ń jà. Àwọn kan ní ewé kò dára, àwọn kan ní ewé nìkan ló dára. Wọn a da oògùn olówó iyebíye lé orí ìgbẹ́ tó ga dé kókósẹ̀, wọn a tún da omi ewé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lé orí òmíràn, bí adìẹ bá sì kú, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìgò tàbí kí wọ́n máa bú ewé. Ó ń sú mi. Mo máa ń ṣàlàyé títí ohùn mi á fi há, wọn a ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi.

Ìyá mi nìkan ni kì í bi mí bóyá ewé ni mo lò tàbí oògùn. Bí mo bá pè é lórí fóònù pé mo fẹ́ fọ ilé adìẹ mi, ohun kan ló máa ń bi mí: “Ṣé o ti ha ilẹ̀ ná?” Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó bi mí bẹ́ẹ̀.