Okùn Tó Mọ Màlúù Yàtọ̀ sí Ìkookò

Kẹ́! Báyìí ni bẹ́líìtì ọrùn ológbò ṣe já lọ́wọ́ mi ní ilé ìdáná wa ní West Ridge, ní Chicago. Ẹ má rò pé mo bà á jẹ́ o. Méjì ni wọ́n tà pọ̀. Ìkejì rẹ̀ wà lọ́rùn Súyà, ológbò Àmínà ọmọ ọmọ mi, tó ti gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sá jáde láti àárọ̀. Ológbò ń jẹ́ Súyà! Ẹ̀yin ọmọ Chicago, ẹ ò ní pa mí.

Ara mi ò lélẹ̀. Mo dé ojú fèrèsé, mo padà sídìí kẹ́tùlù, mo tún padà sójú fèrèsé. Tí bẹ́líìtì yẹn bá há sára fẹ́ǹsì ńkọ́? Mo pe Àmínà níbi iṣẹ́.

"Grandma, ẹ calm down. Breakaway collar ni. Tó bá há, ó máa já fúnra ẹ̀."

Mo fa èyí tó wà nílé wò, ó já lóòótọ́. Ìgbà tó já yẹn ni ọkàn mi sáré lọ sábúlé wa, lápá Òkè-Ògùn.

Ìkookò kan ló ń kó ewúrẹ́ wa jẹ nígbà náà. Bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ, fẹ́ fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ dẹ ìdẹkùn sọ́nà odò. Àmọ́ ọ̀nà yẹn náà ni màlúù àwọn Fúlàní tó múlé tì wá ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn, funfun báláú, ni ìyá Hàdíza ọ̀rẹ́ mi ń fún wàrà rẹ̀. Bàbá Hàdíza ti kú. Wàrà yẹn ni wọ́n ń mu, òun náà ni wọ́n ń tà jẹun. Bí wáyà bá fún màlúù yẹn lọ́rùn pa, ilé wọn bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá mi ní òun mọ ohun tí òun máa ṣe. Ojú wáyà, níbi tó ti ń fún, okùn ni òun máa fi so ó. Tí màlúù bá fà á, okùn á já, wáyà á là sílẹ̀. Tí ìkookò bá fà á, kò ní já. Okùn wo wá nìyẹn?

Ẹ wá wo bí a ṣe yan án. Bàbá á so okùn mọ́ igi, á ní kí èmi àti Hàdíza fà á. Èyí tó bá já fún wa, ìkookò náà á já a. Okùn ìko já, a fìdí jálẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Èyí tó bá borí wa, wọ́n á so ó mọ́ ọrùn màlúù náà, ìyá Hàdíza á wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á na kán-ún tí màlúù fẹ́ràn láti lá sí i. Okùn ọ̀rá kò já. Màlúù na ọrùn títí, ojú rẹ̀ fẹ́ yọ. Ìyá Hàdíza wo bàbá mi. Òwú tí ìyá mi lọ́ pọ̀ ló wá ṣe é: ó bó wa lọ́wọ́, kò já, màlúù kàn gbẹ́sẹ̀ sí kán-ún, ó já.

"Baba, ṣé ó dá ẹ lójú?" ni ìyá Hàdíza bi í.

Bàbá mi tún mú òwú. Ó so òmíràn, màlúù tún já a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí bàbá mi ti fi òwú náà dẹ ìdẹkùn, Hàdíza já wọlé wa: wọn ò rí màlúù! Yéè! Gbogbo wa sáré dé ọ̀nà odò. Wáyà ti là sílẹ̀, irun funfun wà lára rẹ̀, òwú ti já. Màlúù wà nínú koríko lọ́hùn-ún, ó ń jẹun tirẹ̀. Ìyá Hàdíza kò dúpẹ́, kò bínú. Ọrùn màlúù náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ó wá jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Bàbá mi tún un dẹ. Nígbà tí ìkookò kó sí i, òwú yẹn dì í mú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn Hàdíza da màlúù wọn lọ síbi tí koríko wà. Mi ò rí Hàdíza mọ́ títí dòní, ó sì ń dùn mí. Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe ohun tó ń já bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló fà á wò? Ọmọ ta ni ọwọ́ rẹ̀ bó? Ohun tí ò jẹ́ kí n lè jókòó nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àmínà gbé Súyà mọ́ra, ó ní òun rí i lábẹ́ àtẹ̀gùn aládùúgbò, ó ń ráhùn pé bẹ́líìtì tó rẹwà yẹn ti sọnù.

N kò gbọ́ ìyókù. Ọrùn ológbò ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.